Òpó Èéfín Orí Òrùlé Wa

Aládùúgbò mi kan ní Òkòtà ń fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun géètì rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kí àwa tó ń kọjá lè mọ̀ pé ènìyàn ńlá ló ń gbé inú ilé náà. Òórùn ọ̀dà náà gba ojú fèrèsé wọlé bá mi, ó sì gbé mi padà sí Ìsọlọ̀, nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn ènìyàn ń wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán.

Ẹrẹ̀ ni ìyá àgbà wa fi kọ́ ilé rẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó dojú kọ títì. Kì í ti ilẹ̀kùn iwájú bí ọmọ kan bá ṣì wà níta, ìbáà ṣe ọmọ ọmọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ayálégbé. Ọkùnrin kan tó ń kọ ìtàn àròsọ ló háyà yàrá òkè. Bọ̀dá Òǹkọ̀wé la máa ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí kọ̀wé, a sì máa ń mọ̀ bí ìtàn bá ti há mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ju èèpo ẹ̀pà sí wa lórí.

Lọ́jọ́ kan ni àwọn awọnlẹ̀ dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Títì tuntun yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá àgbà kò bá wọn jà. Ó kàn pe Ṣàdíátù, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ayálégbé ẹ̀yìnkùlé, tó mọ àwòrán yà ju gbogbo kíláàsì wa lọ.

"Ya ilé mi fún mi kí wọ́n tó wó o. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni kó o yà á o."

Ṣàdíátù yà á, títí kan ibi tí ògiri ti sán àti ibi tí páànù ti dípẹtà. Ó wá gbé e lọ sí ilé ìwé kí tíṣà àwòrán bá a wò ó. Tíṣà yìí ti lọ sí ìlú òyìnbó rí, kò sì tíì padà dé tán. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó kún fún àwòrán ilé àwọn òǹkọ̀wé ìlú òyìnbó, gbogbo wọn ló sì ní òpó èéfín, èyí tí èéfín iná inú ilé ń gbà jáde lórí òrùlé.

"O ní òǹkọ̀wé ń gbé ibí yìí?" ló bi í. "Òpó èéfín rẹ̀ dà?"

Ta ni yóò bá tíṣà jiyàn? Ṣàdíátù gbé òpó kan lé orí páànù wa, ó sì jẹ́ kí èéfín dúdú máa rú jáde.

Ìyá àgbà wo àwòrán náà títí. "Ṣàdíá, ṣé ilé mi ń jó ni?"

"Rárá o, Ìyá. Tíṣà ní ilé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ní in ni."

Bọ̀dá Òǹkọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí yóò mú mi jọ òǹkọ̀wé."

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ṣàdíátù tún òmíràn yà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, kátápílà ló kọ́kọ́ dé. Àwọn òbí Ṣàdíátù kẹ́rù, wọ́n gba ọ̀nà Ẹ̀jìgbò lọ. N kò rí i mọ́.

Àwòrán yẹn nìkan ló kù lára ilé náà. Bí ìpàdé ẹbí bá dé, àwọn ọmọ àbúrò mi a máa fi han àlejò pé ilé bàbá ńlá àwọn nìkan ló ní òpó èéfín ní gbogbo Ìsọlọ̀ láyé àtijọ́. Ìyá àgbà ló kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti mọ òpó èéfín sórí ilé tirẹ̀ náà. Gáàsì ni ìyàwó rẹ̀ fi ń dáná.

N kì í bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá ń nàka sí èéfín, ìsàlẹ̀ ni èmi máa ń wò, níbi ilẹ̀kùn iwájú. Ṣàdíátù yà á bó ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ nírọ̀lẹ́. Wọn kò tíì tì í. Ọmọ kan ṣì wà níta.