Ọwọ́ Aránṣọ Nínú Kàlẹ́ńdà

Òórùn ẹja yíyan ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Okùn kámẹ́rà mi ti gbà á sára ní ọjà Pessu ní Warri, kò sì sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Bí mo bá wọ ọkọ̀ láti Warri lọ sí Jọ́ọ̀sì, ẹni tó bá jókòó tì mí á yímú, á béèrè bóyá ẹja ni mo ń tà. N óò ní fọ́tò ni mo ń tà. Wọn kì í sábà gbà mí gbọ́.

Fọ́tò tí mo ń tà nígbà náà kì í ṣe ti ìgbéyàwó tàbí ti ìkómọ. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ mí níṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo ń kiri láti ìlú dé ìlú, tí mo ń ya ohun tí mo bá rí: iná tó ń jó lókè ilé iṣẹ́ ìfọpo ní Ekpan, òṣìṣẹ́ tó gbé akoto rẹ̀ lé orúnkún níbi tó ti ń jẹ ìrẹsì lẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Burutu, òkìtì iṣu ní Mákúrdí. N óò kó gbogbo rẹ̀ sórí ìkànnì kan ní òkè òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń wá àwòrán ti lè rà á, ìbáà ṣe báńkì tó fẹ́ polówó ọjà tàbí ẹni tó ń ṣe kàlẹ́ńdà. N kì í mọ ẹni tó rà á. Ẹni tó rà á kì í mọ̀ mí.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ náà. Bí ojú ènìyàn bá hàn nínú fọ́tò, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó lè tà á. Bí ojú kò bá hàn, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé ìwé fún ará Warri pé kó fọwọ́ sí i? Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Pessu gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì ké sí gbogbo àwọn ará ìsọ̀ rẹ̀.

"Una come see Yoruba man o! E wan carry my face go sell for oyibo. Tomorrow my pikin go open phone, e go see me for bleaching cream advert!"

"Mama, na only the fish I wan show," mo ní.

"Then snap the fish. Fish no get family."

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Mo ya ẹja náà, mo ya ọwọ́ tó fi di ọ̀bẹ mú, mo sì gé ojú rẹ̀ kúrò. Fọ́tò náà tà ju gbogbo èyí tí mo ti yà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Mo di ọ̀gá nínú kí á ya ènìyàn láìya ojú rẹ̀. Mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní ojú a máa ba fọ́tò jẹ́, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á fẹ́ kí ó jọ gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo rò pé àwọn àgbà kò ta fọ́tò rí ni.

Ìyàwó mi nìkan ni kò bá mi jà lórí ìwé náà. Aránṣọ ni. Yàrá méjì la gbà ní Igbudu, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti máa ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀ lọ́nà tí n kò rí níbòmíràn, bí mo ṣe rìn tó. Mo ya ọwọ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọwọ́ tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọwọ́ tó ń bó ẹ̀gẹ́, ọwọ́ tó ń ṣí ìwé, ọwọ́ tó di ife tíì. Ìka ọmọńdinrín rẹ̀ kì í bá àwọn yòókù ṣe pọ̀. Ńṣe ló máa ń dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ní àpá tí áyọ́ọ̀nù jó. Mo máa ń fi kọ̀ǹpútà pa àpá náà rẹ́ kí ọwọ́ náà lè jẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ hàn, mo máa ń gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọwọ́ náà ń jáde léraléra; orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ló ti ń fọwọ́ sí i, kì í sì í kà á. Nígbà míì á yíjú sí mi kí n tó tẹ kámẹ́rà, á ní, "Ṣé kò tíì tó ni?" N óò ní kó dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ti wọ̀, n óò pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí káàdì má baà kún.

Bí mo bá ti ìrìn àjò dé, ìbéèrè kan náà ló máa ń fi kí mi: "Ẹ káàbọ̀, Oníkámẹ́rà. Ṣé ẹ rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ náà?" Èmi ni mo pa òwe yẹn fún un lọ́dún tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, mo ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn fi òwe náà pamọ́ dè mí ni.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, ẹgbẹ́ aránṣọ ní kí olúkúlùkù mú pásípọ́ọ̀tù wá fún káàdì tuntun. Ó ní kí n ya òun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánò dé ni, mo ń to àwòrán. Mo rẹ́rìn-ín.

"Èmi? Pásípọ́ọ̀tù? Lọ bá ọkùnrin abẹ́ agboòrùn yẹn, jàre."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá gbogbo ayé," ló wí. Ó so gèlè rẹ̀ dáadáa, ó sì jáde.

Ọmọ Urhobo ni ọkùnrin abẹ́ agboòrùn náà. Ìkóríta wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó kan aṣọ funfun mọ́ ògiri, ó gbé àpótí ìjókòó kan síwájú rẹ̀, ó sì so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan mọ́ bátìrì mọ́tò. Kí ènìyàn tó ka ìwé ìròyìn tán, fọ́tò rẹ̀ ti jáde. N kò ka irú èyí sí iṣẹ́. Bí mo bá ń kọjá, á pariwo pé, "Senior colleague!" N óò sì juwọ́ sí i bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Ẹ̀rín ni ìyàwó mi ń rín padà wálé lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ èmi àti fọtógíráfà mi ni." N kò ní kó fi fọ́tò náà hàn mí.

Mákúrdí ni mo wà nígbà tó kú. Àìsàn náà kò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ibà la pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n máa lọ, kí ọkọ̀ má fi mí sílẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ kan tó ń to iṣu ni mo ń yà nígbà tí ọmọbìnrin wa pè mí. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá délẹ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré, Pidgin ló fi ń dá wa lóhùn, bíi gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Warri. "Daddy, abeg dey come house," ló wí. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ ní Yorùbá: "Mọ́mì ti lọ." Yorùbá yẹn ni mo fi mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ya àgbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì sí i, mo sì di ẹrù mi. Fọ́tò méjèèjì ṣì wà lórí ìkànnì náà. Kò sí ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ sí àwọn tó ṣáájú wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti Ìjẹ̀bú-Òde dé. Ó fẹ́ fọ́tò tí wọn yóò fi ṣe pósítà ìsìnkú, èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ ẹni tó lọ. Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà ni òǹtẹ̀wé fẹ́ gbà á. "Ti fọ́tò kọ́ ni yóò jẹ́ ìṣòro nínú ilé yìí," ló wí. Mo tan kọ̀ǹpútà. Èmi, òun àti ọmọbìnrin mi jókòó síwájú rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọwọ́. Ẹ̀yìn ọrùn. Ọwọ́. Ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọwọ́, ọwọ́, èjìká.

"Àna," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. Kò gbé ohùn sókè. "Mo ní kí ẹ fún mi ní fọ́tò àbúrò mi, ọwọ́ lẹ̀ ń fi hàn mí. Ṣé ọwọ́ la máa lẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Ó ṣì ku díẹ̀," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká wo ìyókù."

"Gbogbo ọdún yìí, ṣé ẹ kì í wojú ẹ̀ ni?"

Omi ti ba álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó wa jẹ́ lọ́dún tí àgbàrá wọlé bá wa. Mo ní n óò tún un ṣe, n kò sì ṣe é. Fóònù ìyàwó mi kì í ṣe èyí tó ń ya fọ́tò; ó ní kámẹ́rà tó wà nínú ilé ti tó. Àwọn fọ́tò tó wà ní Ìjẹ̀bú, ìgbà tó wà nílé ìwé ni wọ́n yà wọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa dá a mọ̀. Wọ́n ti jí fóònù ọmọ wa. Ẹyọ kan tó ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kù, ọ̀rẹ́ náà sì fi í sórí fóònù mi, ṣùgbọ́n ọmọ wa ti fi etí àti imú ehoro sí ìyá rẹ̀ lójú nínú rẹ̀, bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n wò ó pẹ́. "Ehoro," ló wí, ó sì dá fóònù náà padà. A rí káàdì ẹgbẹ́ aránṣọ nínú àpò ìyàwó mi, ṣùgbọ́n akọ̀wé wọn ti lu òǹtẹ̀ lé fọ́tò orí rẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Ọmọ mi ló fọwọ́ kan káàdì náà. "Daddy, na the umbrella man snap this one."

Èmi nìkan ni mo lọ. Ọkùnrin náà dìde nígbà tó rí mi. Ó ti gbọ́. Lọ́jọ́ náà, kò pariwo "Senior colleague". Mo bi í bóyá ó ṣì ní fọ́tò ìyàwó mi.

"Madam tailor? Wey like laugh? I get am." Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde lábẹ́ àpótí. "Anybody wey sit down for this stool, I no dey delete am. You no know wetin tomorrow go ask you."

Ó kọ́kọ́ fi èyí tó tẹ̀ fún káàdì hàn mí, ẹnu pípadé, ojú gbọnrangandan. Ó wá ṣí òmíràn. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ padé, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn bẹ́ẹ̀.

"Wetin make am laugh?" mo bi í.

Ó wolẹ̀. "Oga, na play o."

"Tell me."

"I tell am say, 'Madam, no look the camera. Look me. Look me like say I be your husband.' Na im she burst laugh. She say, 'My husband no dey look face. Na hand e dey look.'"

Mo ní ó ṣeun. Ó bá mi fi fọ́tò náà sínú fóònù mi.

Ẹ̀rín yẹn la lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró níwájú pósítà náà, ó ní, "Òun nìyí. Àbúrò mi nìyí," ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sunkún. Èmi ń wo bí agboòrùn náà ṣe mú kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Ohun tí mo rò lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

N kò rìnrìn àjò mọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo padà sí. Láìpẹ́ yìí, mo jókòó de dókítà ní ilé ìwòsàn kan, mo gbójú sókè, mo sì rí ọwọ́ ìyàwó mi nínú kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó di ife tíì mú. Kò sí àpá lórí àtàǹpàkò. Ìka ọmọńdinrín tó dá dúró ni mo fi mọ̀ ọ́n. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé tó fọwọ́ sí fún mi sọ pé títí láé ni ìyọ̀ǹda náà, nítorí náà, ibi tí wọ́n bá gbé e sí náà ló máa wà. Mo dé ilé, mo wá èyí tí àpá wà nínú rẹ̀. N kò tọ́jú ẹyọ kan. Bí ó bá wà láyé tó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ àtijọ́, n óò sọ fún un pé mo rìn jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀kẹ́rẹ́ kankan.

Pọ́tákọ̀ ni ọmọbìnrin wa ń gbé báyìí. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Daddy, send me your picture," ló wí. "No be hand o." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wá a, n kò rí i. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni mo wà ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, mo sì lọ sí ìkóríta.

Mo jókòó sórí àpótí níbi tí ìyàwó mi náà ti jókòó. Ojú mi lọ sára kámẹ́rà, mo ń wo irú rẹ̀.

"Oga," ni ọkùnrin náà wí, "leave the camera. Look me."

Mo wò ó. N kò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n ojú mi wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa.