Ìkòkò Irin Tó Ń Bá Bàámi Tẹ Kilọ́ọ̀ṣì

Ilé tí ọmọ mi kọ́ sí Mowe yìí, ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ló wà. Tí mo bá kírun Àsárì tán, tí mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn tírélà tó ń ti Èkó bọ̀ á rọra dúró níwájú wa, wọ́n á sì mí: ṣíìì. Ìró yẹn kì í jẹ́ kí n gbádùn. Inú á kàn máa bí mi. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀ lo bi mí lánàá pé, "Bàbá, kí ni tírélà fi ṣe yín tí ẹ fi ń wò ó báyìí?" Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó nínú mi. Kọ ọ́.

Ifo la wà nígbà náà, láyé òyìnbó, kí wọ́n tó fún wa lómìnira. Títì márosẹ̀ yìí ò tíì sí. Igbó ni Mowe àti Ibafo, oko làwọn èèyàn wa ń bá lọ síbẹ̀. Ifo ló lajú, torí réluwéè àti ọ̀nà Abẹ́òkúta. Agboolé wa wà níbi tí ọ̀nà ti yí, níbi tí mọ́tò kankan ò lè gbà kọjá láìjẹ́ pé ó pààrọ̀ jíà. Òórùn ibẹ̀ ò kúrò nímú mi: gbágùúdá tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò, gàrí tó ń yan lórí iná, ewé obì tútù, àti òórùn epo mọ́tò tó máa ń bá ìrì òwúrọ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa ọmọdé á tò sórí pèpéle, a ó máa dárúkọ lọ́rì kó tó yọ. Ohùn wọn la fi ń mọ̀ wọ́n, bí èèyàn ṣe ń mọ ikọ́ bàbá ẹ̀ nínú òkùnkùn.

Dẹ́rẹ́bà ni bàámi, Lámídì lorúkọ wọn. Lọ́rì Àlájì Búsárì ni wọ́n ń wà, bọ́lẹ̀kájà, orí ẹ̀ irin, ara ẹ̀ pákó. Gàrí àti obì ló ń kó lọ sí Èkó. Mọ́tò náà lágbára, ṣùgbọ́n kilọ́ọ̀ṣì ẹ̀, Ọlọ́run ló mọ ẹni tó ṣe é. Ìwọ ò mọ kilọ́ọ̀ṣì mọ́. Irin ni, tí dẹ́rẹ́bà á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè pààrọ̀ jíà. Ti lọ́rì yìí, bí ẹni fẹsẹ̀ ti ògiri ni. Àwọn dẹ́rẹ́bà ìgbà yẹn, itan òsì wọn máa ń ju tọ̀tún lọ. Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í wọn ẹsẹ̀ kan fún dẹ́rẹ́bà kó fi gé ìkejì. Wọ́n sì ń fi itan yẹn yangàn. Àfi bí ẹni pé ìyà ni wọ́n gba ìwé ẹ̀rí lé lórí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, sobìà bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì bàámi. Aràn gígùn ni sobìà, inú omi odò la ti ń mu ún, á wá gba ara jáde díẹ̀díẹ̀ bí òwú. Nígbà tó jáde tán, ẹsẹ̀ náà ò nà tán mọ́. Bàámi ń wa mọ́tò náà lọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, màámi á fomi gbígbóná jó o, èmi á fi òrí pa á. Tá a bá wá jókòó ti oúnjẹ, ẹsẹ̀ náà á máa gbọ̀n fúnra ẹ̀ lórí ẹní, ọbẹ̀ á máa gbọ̀n nínú àwo. Gbogbo wa á máa wo ọbẹ̀.

Ẹnì kan wà ní gáréèjì tí ojú ẹ̀ ò kúrò lára lọ́rì náà. Jímọ̀ lorúkọ ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ni òun náà, kò ní mọ́tò lọ́wọ́. "Ẹsẹ̀ Irin" ló ń pe ara ẹ̀. Tí bàámi bá ń gun mọ́tò, á pariwo láti abẹ́ igi ọ̀dán: "Lámídì, ṣé kí n bá ọ gbé ẹsẹ̀ yẹn wọlé ni, àbí o máa rán ọmọ wá mú un?" Àwọn alábàárù á rẹ́rìn-ín. Bàámi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dé ojú wọn.

Sáùbánà, fítà tó ń tún mọ́tò ṣe, ọ̀rẹ́ bàámi, ló wá gbé ìkòkò irin kan dé. Ara ọkọ̀ sójà tó ti bàjẹ́ ló ti tú u, lára àwọn tí wọ́n kó dànù lẹ́yìn ogun Hítílà. Ó rí bí ìkòkò tí wọ́n dé lójú pa, ó tóbi tó igbá gàrí. Awọ kan wà nínú ẹ̀ tó ń sún síwá sẹ́yìn.

"Lámídì," ló wí, "ẹ́ńjìnì yìí ń mí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń fa afẹ́fẹ́ bí ọmọ tó ń fa ọmú. Kí ló dé tí ò ní máa fi ìfà yẹn bá ọ fa kilọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ́ńjìnì á wá máa sìn mí?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa sìn ín títí o fi máa kú ni?"

Wọ́n gbé lọ́rì wá sí iwájú agboolé wa, wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Rọ́bà kan lọ láti ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí dé ara ìkòkò náà. Irin kan sì lọ láti inú ìkòkò dé kilọ́ọ̀ṣì. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan kilọ́ọ̀ṣì báyìí, ẹ́ńjìnì á ti fa afẹ́fẹ́ kúrò níhà kan awọ inú ìkòkò, afẹ́fẹ́ òde á rọ́ wọlé níhà kejì, á ti awọ, awọ á fa irin. Sáùbánà mú ọwọ́ mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ mi dí ẹnu rọ́bà náà. Ó fà á mú pìn-ìn! Àmì róbótó pupa ló fi síbẹ̀. Mo fi hàn gbogbo agboolé, títí kan ewúrẹ́.

Síbẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Rọ́bà tí wọ́n ń bẹ̀rù fún nígbà yẹn ni rọ́bà tó ń bẹ́, torí náà Sáùbánà ti fi wáyà dì í níta, ó dì í bí ẹni di òkú. Èyí ò bẹ́. Ńṣe ló sún kì, ó rí pẹlẹbẹ bí ahọ́n ajá, afẹ́fẹ́ ò rí ọ̀nà gbà. Àwọn tó ń wòran bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Màámi tó ń yan gàrí ló gbójú sókè: "Ohun tó ń wó sínú, ṣebí inú lèèyàn ti ń tì í." Ni Sáùbánà bá dìde. Ó wọlé wa, ó tú sípíríìnì lára bẹ́ẹ̀dì irin bàámi láìtọrọ àyè, ó kì í bọ inú rọ́bà náà. Bẹ́ẹ̀dì yẹn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tí mo fi dàgbà.

Bàámi fún ẹ́ńjìnì níná. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì lé kilọ́ọ̀ṣì. Ṣíìì. Ó lọlẹ̀.

"Ó rọ̀!" ni bàámi pariwo. "Sáùbánà, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná!"

Látìgbà náà, ọbẹ̀ ò gbọ̀n nílé wa mọ́. Bàámi á dé láti Èkó, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kan náà ṣeré fún wa. Gbogbo ìgbà òjò yẹn, lọ́rì náà ò fi ọjọ́ kan ṣòfò, ẹrù ò bàjẹ́, kò kọlu ẹnikẹ́ni.

Ta ni ò yẹ kó dùn mọ́? Jímọ̀ ní ẹsẹ̀ àyálò ni bàámi ń lò. Ó ní ọ̀lẹ ni. Àwọn dẹ́rẹ́bà yòókù gbè é, àwọn tí kilọ́ọ̀ṣì ń fọ́ lórúnkún bí ó ti ń fọ́ bàámi. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Wọ́n lọ bá Àlájì pé kó dán bàámi wò.

Bátìrì ò lágbára nígbà yẹn. Láàárọ̀, àwọn alábàárù ló ń ti lọ́rì kó tó gbiná. Dẹ́rẹ́bà á ki jíà bọ̀ ọ́, á tẹ kilọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Bí lọ́rì bá ti ń yí, á gbé ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì á jí. Ibẹ̀ làwọn olówó mọ́tò ti mú àṣà kan jáde. Kí wọ́n tó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á ki jíà, ìwọ á tẹ kilọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì máa tì ọ́ láti abẹ́ igi ọ̀dán dé ẹ̀bá réluwéè. Bí ẹsẹ̀ ẹ bá yẹ̀ pẹ́rẹ́, lọ́rì á takú bí ìbákà. O ò gba kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Torí ìkòkò irin náà kì í ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnì ò bá mí, ẹsẹ̀ méjèèjì ni bàámi ti fi ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Tọ̀tún ò kúkú níṣẹ́ kan lọ́wọ́ bí ẹ́ńjìnì bá ti kú.

Bàámi bẹ Àlájì níwájú gbogbo èèyàn. "Ẹ jẹ́ kí n fún un níná. Ẹ jókòó tì mí, ká lọ Abẹ́òkúta ká bọ̀. Bó bá fi lè ta gìjà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín."

"Àṣà kì í ṣe tèmi nìkan, Lámídì."

"Ẹ pa ẹ́ńjìnì!" ni Jímọ̀ ń kígbe. "Ẹ jẹ́ ká rí ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run dá!"

Wọ́n pa á. Ìkòkò irin náà mí lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Bàámi gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé kilọ́ọ̀ṣì, àwọn alábàárù sì ń tì, lọ́rì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ. Jímọ̀ fò gun ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó yọjú wọlé. "Ẹsẹ̀ méjì! Àlájì, ẹsẹ̀ méjì ló fi tẹ̀ ẹ́ o!" Àlájì ní kí wọ́n gbé ọ̀kan kúrò. Bàámi gbé e. Ojú wọn lé iwájú, òógùn ń kán sórí siárìn tí wọ́n dì mú. Láti ẹnu ilẹ̀kùn kejì, mo rí ẹsẹ̀ òsì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bó ṣe máa ń gbọ̀n ti àwo ọbẹ̀. Réluwéè ti wà lọ́ọ̀ọ́kán. Lọ́rì takú gbì, iwájú orí bàámi sì kọlu siárìn.

Jímọ̀ bọ́ síbẹ̀. Wọ́n tì í dé réluwéè, ó ń jẹ obì. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí oòrùn tó wọ̀, òun á tú ìkòkò ọ̀lẹ yẹn jù sígbó.

Títí dòní, mò ń béèrè: lọ́rì tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ti kú, ẹrù ta ló fẹ́ gbé dé Èkó? Mọ́tò tó ń lọ ni bàámi mọ̀ ọ́n wà. Èyí tó ti kú ni wọ́n fi dán wọn wò.

Sáùbánà wá bá wa lálẹ́ ọjọ́ náà. "Jẹ́ kí n lọ tú u. Èmi ni mo ni ín."

Bàámi ní, "Fi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹran ara ni ti Jímọ̀ náà."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, a jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Lọ́rì náà ń bọ̀, mo mọ ohùn ẹ̀. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yí, ó fẹ́ pààrọ̀ jíà. Ṣíìì.

Màámi dá ọwọ́ gàrí yíyan dúró. "Bàbá ọmọ mi, ẹ gbọ́? Ẹsẹ̀ yín ló ń wa mọ́tò lọ sí Èkó yẹn."

Bàámi ò bínú. Wọ́n kàn fọwọ́ pa orúnkún wọn. "Ó rọ̀, àbí?"

Gbogbo ọjọ́ tí Jímọ̀ fi wa lọ́rì yẹn, kò tú u. A ń gbọ́ ọ láàárọ̀, a ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Bàámi kó lọ sí oko níhà Mowe yìí, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Oko náà ò jìnnà sí ibi tí tírélà ti ń mí sí wa létí yìí. Wọn ò wa mọ́tò mọ́.

Ní ìjẹta, nígbà tí o fi mọ́tò ẹ tí ò ní kilọ́ọ̀ṣì gbé mi lọ kí àwọn ẹbí ní Ifo, mo wo ẹsẹ̀ ẹ títí. Tọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tòsì na gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń fi ọmọ ìka jó sí orin rédíò. Kò sẹ́ni tó pè ọ́ lọ́lẹ. O bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní kò sí.

Ẹsẹ̀ náà ni mò ń wò. Ó wù mí kí bàámi rí i.