Ọjọ́ Tí Mo Pa Iná Ọdún Auntie Malar

Ọjọ́ tí mo pa iná abẹ́ ìkòkò ọdún Auntie Malar kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ará Íńdíà ni Auntie Malar, aládùúgbò wa ní Brooklin lókè òkun níbí. Ní January tó kọjá, wọ́n pè mí wá bá wọn ṣe Pongal, ọdún ìkórè wọn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ wọn nígbà náà. Auntie gbé mílíìkì ka sítóòfù, wọ́n ní kí n máa wò ó kí àwọn lọ mú ìrẹsì wá. Kò pẹ́ tí mílíìkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè. Bí màmá mi ṣe kọ́ mi, mo sáré pa iná.

Uncle, ọkọ Auntie, wọlé, wọ́n wo ìkòkò. "Mulika, ó yẹ kó hó dànù ni. Bó bá hó dànù, ọdún yìí á kún fún oúnjẹ."

Mo bú sẹ́kún.

Auntie fà mí mọ́ra. Wọ́n ní òrìṣà àwọn rán màlúù sáyé nígbà kan, pé kí èèyàn máa jẹun lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Màlúù ṣì í sọ, ó ní kí wọ́n máa jẹun lójoojúmọ́. Òrìṣà bínú, ó ní kó lọ máa bá èèyàn túlẹ̀, kí oúnjẹ lè tó.

Wọ́n tún iná tàn. Mílíìkì hó dànù, wọ́n pariwo ayọ̀.

Títí di òní, Uncle ò tíì ríṣẹ́, mo sì rò pé iná tí mo pa ló fà á. Bí yìnyín bá ti rọ̀, màá gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn, màá kó yìnyín náà kúrò níwájú ilé wọn. Màmá mi ń yìn mí pé ọmọ dáadáa ni mí. N kò tíì sọ fún màmá mi pé màlúù inú ìtàn Auntie ni mí.