Ọdún Tí Wọ́n Ní Ká Má Gbé Iṣu Wá Mọ́

Èmi kì í gba ẹ̀bùn gbọ́. Màmá mi ní bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, pé láti kékeré, bí ẹnikẹ́ni bá fún mi ní àkàrà, màá kọ́kọ́ yí i wo ẹ̀yìn. Nítorí náà, lọ́dún tí àkọ́bí onílẹ̀ wa wá bá wa nílé, tó ní ká má san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́, màmá mi ló kúnlẹ̀ tó ń dúpẹ́. Èmi dúró, mò ń wo bàtà rẹ̀. Ẹrẹ̀ funfun ló wà lára bàtà náà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tiwa, pupa ni lókè, àfi téèyàn bá gbẹ́ ẹ jìn kó tó kan funfun.

Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Ìjerò tí à ń gbé yìí. Ìlú kan ní Ọ̀ṣun ló ti wá, baba onílẹ̀ sì fún un ní igbó tó fi gbin kòkó. Igi ni tiwa, ilẹ̀ ni tiwọn. Lọ́dọọdún, bí a bá ti ká kòkó tán, a ó ru iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa lọ sílé baba náà, ìyẹn ni ìṣákọ́lẹ̀. Yóò súre fún wa, yóò bu díẹ̀ lára iṣu sílẹ̀, yóò sì dá ọ̀kan padà fún wa pé ká fi gún iyán. Kò sí ìwé kankan láàárín wa. Nígbà tí bàbá mi kú, màmá mi ń bá a lọ. Iṣu yẹn nìkan ló ń sọ fún aráyé pé a kì í ṣe olè lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Àkọ́bí yìí ti pẹ́ ní Àbújá kó tó padà wálé. Ó ní bàbá òun ti darúgbó, pé àbúrò òun obìnrin ti mú un lọ sọ́dọ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, kò sì lè gba àlejò mọ́.

"Màmá, ìyà yìí ti tó," ló wí. "Ẹ máa jẹ iṣu yín. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, màmá mi jó dé iwájú pẹpẹ. Àwọn àjèjì tó kù tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà, tí àwọn náà ń fi iṣu san ìṣákọ́lẹ̀, jó tẹ̀ lé e. Èmi jókòó. Ẹni tí yóò mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ.

Ètò ọrọ̀-ajé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí. Ní sáà yẹn gan-an, ohun tó kàn ni ewu tó wà nínú kí orílẹ̀-èdè gbára lé ohun kan ṣoṣo tó ń tà sí òkè òkun. Rédíò náà kì í sinmi lórí rẹ̀ láràárọ̀: epo rọ̀bì nìkan kò lè bọ́ wa, ẹ jẹ́ ká padà sí kòkó, ẹ jẹ́ ká wa òkúta olówó iyebíye tó wà nínú ilẹ̀. Mo kọ ọ́ sójú pátákó bí ìwé ṣe wí, kòkó, lẹ́yìn náà òkúta. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán, ẹrẹ̀ funfun yẹn tún wá sí mi lọ́kàn. Ìwé kò sọ ohun tí a ó ṣe bí méjèèjì bá wà lórí ilẹ̀ kan náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àkọ́bí àti àwọn tirẹ̀. Mo ń rí ọ̀kadà tó ń ru àpò láti ọ̀nà oko jáde, nígbà tí àsìkò kòkó ti kọjá. Mo rí kòtò létí odò, lẹ́yìn ààlà oko wa. Àkọ́bí ní kànga ni òun ń gbẹ́ fún wa. Mo béèrè ìdí tí kànga tí kò tíì kan omi fi ti bí kànga mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tíṣà lèmi lóòótọ́. Nígbà tó yá, mo ń fura sí gbogbo ènìyàn. Mo fura sí ẹni tó ń ra kòkó wa nítorí pé ó béèrè àlàáfíà ara màmá mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo fura sí pásítọ̀ tó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣí ìṣúra ìpamọ́ payá.

Ohun tó là mí lójú ni ti ìyá tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún pé kó má gbé iṣu wá mọ́, ṣáájú wa. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọ oko rẹ̀, wọ́n sì gé kòkó ibẹ̀ lulẹ̀, wọ́n ń wá òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì. Nígbà tí ìyá náà sunkún dé ọ̀dọ̀ àkọ́bí, ìbéèrè kan péré ló bi í níwájú àwọn ènìyàn: "Ìgbà wo lẹ san ìṣákọ́lẹ̀ kẹ́yìn?" Ìyá ní ṣebí ìwọ lo ní ká má san án mọ́. Ó béèrè pé ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí òun sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnìkankan.

Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré délé, mo rò ó fún màmá mi. Ó ní owó kòkó tí gbogbo ayé ń lé lọ́jọ́sí náà ti ń já wálẹ̀, igi wa sì ti gbó. Ó ní bí òkúta bá ń lọ sí òkè òkun, tí kòkó náà ń lọ, kí ni ìyàtọ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti fún wa ní nǹkan.

"Màmá, òkúta kì í so lẹ́ẹ̀mejì," ni mo wí.

Ó dìde, ó lọ sí ìdí àká, ó sì ṣa àwọn iṣu tó tóbi jù síta.

A wọ ọkọ̀ dé Àrámọ̀kọ, a sì wọ òmíràn lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, kẹ́ẹ̀gì epo wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Ọmọbìnrin baba náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó wò mí bí èmi gan-an ṣe máa ń wo ènìyàn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ baba lẹ́nu. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ nígbà tí màmá mi ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì pariwo kí baba náà láti ìta, pé ìyàwó oní-kòkó ti dé.

Ojú baba kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé. Ó ní kí wọ́n mú wa wọlé. Ó fọwọ́ pa iṣu náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè ìdí tí a kò fi wá lọ́dún tó kọjá, màmá mi sì sọ ohun tí wọ́n wí fún wa.

"Ìsí sọ pé mọ kọ uṣu?" ni baba wí ní èdè Èkìtì, ó ń béèrè ẹni tó sọ pé òun kọ iṣu.

Ó ní kí wọ́n pe àwọn àgbà méjì wá láti ilé tó tẹ̀ lé tiwọn, kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní kí wọ́n se iṣu náà lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wa jókòó, a fi epo jẹ ẹ́. Nígbà tó jẹun tán, ó ní kí ọmọ rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Uṣu oko kòkó ti dé," ló wí fún un. "Mọ ti jẹ ẹ́."

A gbọ́ tí àkọ́bí ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Kòtò wọn dúró síbi pèrègún tó pààlà oko wa. Títí di òní, wọn ò kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kó ẹ̀rọ wọn lọ. Màmá mi ti ń rọ́pò àwọn igi tó gbó, ó ń fi obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín wọn. Láràárọ̀, bó bá ń gbàdúrà, ẹ̀mí gígùn baba onílẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tọrọ, kó tó kan èmi ọmọ rẹ̀. Èmi a sì ṣe àmín kíkankíkan. Mi ò fẹ́ mọ ohun tí àkọ́bí rẹ̀ ń tọrọ ní tirẹ̀.