Ìkúnlẹ̀ Wa ní Greenspoint

Ọ̀sán ni, oòrùn ń rọra gba ara kọ́tìnì wọlé nínú ilé kan ládùúgbò Greenspoint. Ìyá àgbà tí ìjọ rán èmi míṣọ́nnárì sí kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún wọn, torí dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn lọ́jọ́ kejì. Ojú tì mí, èmi náà kúnlẹ̀.

"Dìde, míṣọ́nnárì!"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dìde, mà."

A rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó dìde.

"Ṣé ojú mi á là?"

Ohun tí mi ò mọ̀, mi ò lè ṣèlérí rẹ̀. "Mi ò mọ̀, mà."

"O ṣeun tó ò purọ́ fún mi. Di ọwọ́ mi mú."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Ariwo ọkọ̀ lójú fíríwéè, títì márosẹ̀ ńlá, ń dún lókèèrè bí òkun. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń bẹ Ọlọ́run bí ọmọdé, láìwọn ọ̀rọ̀ kankan wò.