Pátá Léèsì Bàbá Dámi

Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni mo ń rán ní Ìkọ̀lé. Ọ̀pọ̀ aránṣọ kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án, torí pé iṣẹ́ kékeré ni, ẹnikẹ́ni kì í sì í rí i yìn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò gba irọ́. Bí bùbá bá fẹ̀ jù, ẹni tó wọ̀ ọ́ lè fi ìborùn bò ó. Ṣùgbọ́n bí pátá bá fi díẹ̀ fún jù, kí wákàtí kan tó pé, ara ti sọ fún ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bàbá Dámi wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n ní Ìtàjí, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà níbí, àwọn ló sì máa ń ka Bíbélì sí ìjọ létí. Wọ́n dúró títí obìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi fi lọ.

"Àǹtí, pátá léèsì ni mo fẹ́."

"Kò burú, sà. Ṣé ẹ mọ ìwọ̀n Ìyá Dámi?"

"Kì í ṣe tiwọn." Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n tún gbójú sókè. "Tèmi ni. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ti obìnrin tí mo ń rà ní Adó ń há mi, pátá ọkùnrin sì nípọn, ó ń mú mi gbóná. Léèsì fẹ́lẹ́, ó sì dára lójú mi."

Mo mọ̀ pé bí mo bá rẹ́rìn-ín, wọn ò ní padà wá mọ́. Mo fa téèpù mi yọ. "Ẹ dúró ṣánṣán, sà, kí n wọn ìbàdí yín."

"Ìyàwó mi ò mọ̀ o. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, kó má ti ẹnu yín jáde."

Mo ṣèlérí fún wọn.

Mo ba àkọ́kọ́ jẹ́. Bí mo ṣe ń gé ti obìnrin ni mo ṣe gé e, iwájú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ. Wọ́n gbé e padà lọ́jọ́ kejì. "Àǹtí, tíṣà ìṣirò ni mí. Ohun tó fẹ́ wọlé pọ̀ ju àyè tí ẹ fi sílẹ̀ lọ." Ìgbà yẹn ni mo tó rẹ́rìn-ín, àwọn náà sì rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe. Mo gé iwájú sí ọ̀nà méjì, mo rán wọn pọ̀ kó lè yọ bí ikùn igbá, mo fi kọ́tìnì tẹ́ inú rẹ̀, mo sì fi léèsì tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló bá wọn mu. Wọ́n ní kí n rán mẹ́fà.

Àṣà àwa aránṣọ ni pé bí aṣọ bá ti parí, a ó kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí bébà, a ó fi píìnì so ó mọ́ ọn, a ó sì gbé e kọ́ sórí okùn. Inú náílọ́ọ̀nù dúdú ló yẹ kí n kó ti Bàbá Dámi sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí mo parí wọn, aṣọ kúáyà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé fún mi rán ló kún ilẹ̀, ọwọ́ mi sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Mo lọ fi èédú sínú áyọ́ọ̀nù lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo padà, Ìyá Dámi, tó wá gba aṣọ kúáyà rẹ̀, ti dúró níwájú okùn.

"'Bàbá Dámi, mẹ́fà,'" ló kà. "Àǹtí, ta ni ọkọ mi ń rán pátá fún?"

Bí mo bá ní òun ni, á lọ wọ̀ ọ́ wò nílé, irọ́ mi á sì já. Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti dalẹ̀. Bí mo bá sì dákẹ́, ilé wọn lè tú lọ́jọ́ yẹn gan-an.

"Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà, Ìyá Dámi. Ṣùgbọ́n mo lè búra pé kò sí obìnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí."

"Kò sí obìnrin! Ṣé ewúrẹ́ ló fẹ́ wọ̀ ọ́ ni?" Ó já ọ̀kan lórí okùn, ó nà án mọ́ ìbàdí ara rẹ̀. "Ẹ wò ó! Ẹni tó ni pátá yìí ò tiẹ̀ nídìí!"

Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan iwájú. Ó yí i síta, ó ti ìkúùkù rẹ̀ bọ inú àyè náà, ó wò mí. Mo ń ká aṣọ kúáyà.

"Àǹtí."

"Mà."

"Obìnrin wo ló ní ohun tó máa kó síbí?"

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Mo ti fi ọkùnrin yìí yangàn káàkiri ẹgbẹ́ obìnrin wa, pé kì í jẹ́ kí n fọ pátá òun!" Ó gba aṣọ rẹ̀, ó kó pátá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ ọn, ó lọ láìdágbére.

Mo pe Bàbá Dámi lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Ẹnu mi ò sọ ọ́, ọwọ́ mi ló sọ ọ́."

Wọ́n bi mí pé, "Ó ti ń bọ̀ nílé?"

"Ó ti ń bọ̀, sà."

Mi ò rí iṣẹ́ gidi ṣe títí di Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Dámi wọlé, ó da pátá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì mi. Mo rò pé ó fẹ́ dá wọn padà.

"Rọ́bà yìí ń ha á lórí eegun ìbàdí bó bá jókòó pẹ́," ló wí. "Ojú ń tì í láti sọ fún yín. Ẹ tú u."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ló sọ, orí eegun gan-an ni mo ti so rọ́bà náà. Mo sún ojú ìrán sẹ́yìn, ó dúró tì mí títí mo fi ṣe ìkẹfà.

"Ẹ má kọ orúkọ sí i mọ́ o," ló wí bó ṣe ń jáde.

Láti ìgbà náà, òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi ń dá aṣọ mọ̀. Funfun ni ti Bàbá Dámi. Ọkùnrin mìíràn ti wá lẹ́yìn wọn: ọlọ́kadà kan, olùkọ́ yunifásítì kan láti Ọ̀yẹ́, àti àgbẹ̀ kan láti Odò-Orò, tó ní ìyàwó òun ló rán òun wá. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìdí. Ìbàdí ni mo ń wọ̀n.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá Dámi ka orí Bíbélì gígùn kan. Nígbà kan rí, bí wọ́n bá ń kàwé báyẹn, wọ́n á fa ṣòkòtò wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láàárín kúáyà, Ìyá Dámi náà ń wò wọ́n. Wọn ò fa ṣòkòtò wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.