Àárọ̀ Tí Fọláṣadé Kò Rántí

Kíláàsì kẹrin ni Fọláṣadé ń kọ́, èmi ń kọ́ ìkẹta. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Gàmbàrí. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ó ga, ó pupa, kì í jágbe mọ́ ọmọ. Nígbà tí ìjọba dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọdún 1991, Àjàyí ọkọ rẹ̀, ọmọ Kàbà, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó lọ sí Lọ́kọ́jà. Kò rí ilé níbẹ̀ ju yàrá kan tí òun àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn jọ ń sùn lọ. Fọláṣadé wá dúró sí Ìlọrin, nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà ní Adéwọlé, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà nínú.

Ìtùnú ni wọ́n sọ ọmọ náà nígbà tó bí i. Wọ́n nídìí. Ó ti kọ́kọ́ bí ọmọkùnrin kan, Ayọ̀mídé, ìgbẹ́ gbuuru sì mú un lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tó pé oṣù méje. Nọ́ọ̀sì kan ló wo ìgò mílíìkì ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, tó ní, "Ìdọ̀tí inú eléyìí ló fà á." Bóyá nọ́ọ̀sì náà kò tilẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Fọláṣadé kò gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi ìbímọ parí tó padà sẹ́nu iṣẹ́, agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jí. Ìgò mílíìkì márùn-ún ni yóò sè, ìgò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Yóò fọ nápíkìn, yóò tún fi omi gbígbóná ṣàn án. Àwọn tó ti gbẹ, yóò fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ wọ́n níwájú, yóò lọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Yóò nu gbogbo ilẹ̀ yàrá. Bí ẹnu ìgò bá ṣèèṣì kan apá aṣọ rẹ̀, ó tún di ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló ní kí o máa lọ nápíkìn níwájú àti lẹ́yìn?"

Ó ní, "Bí mi ò bá lọ̀ ọ́, àyà mi kì í balẹ̀."

Ìyá Jímọ́ọ̀ ló ń bá a tọ́jú ọmọ bó bá wá sí iṣẹ́. Hàlímọ̀tù ni orúkọ ìyá náà gan-an, Màmá ni Fọláṣadé ń pè é, opó ni, ilé rẹ̀ ló ṣe ìkẹta sí tiwọn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti dàgbà tán. Láràárọ̀, Fọláṣadé á pọn Ìtùnú lọ bá a, á kó ìgò márààrún fún un, á wá sáré wọ mọ́tò. Ìyá Jímọ́ọ̀ kò gbọdọ̀ fún ọmọ ní ohunkóhun tí Fọláṣadé kò fọwọ́ ara rẹ̀ sè.

Inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún 1992 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí oòrùn mú ganrínganrín. Ìtùnú ti pé oṣù mẹ́rin. Mo ń gbọ́ ohùn Fọláṣadé láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Lójijì ohùn náà dákẹ́, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo yọjú. Ó dúró níwájú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ kejì kan ẹ̀yìn ara rẹ̀ wò. Gbogbo ọmọ kíláàsì ń wò ó.

"Fọláṣadé, kí ló dé?"

"Ẹ̀yìn mi gbẹ."

"Kí ni ìyẹn já mọ́?"

"Itọ́ ọmọ máa ń rin mí lẹ́yìn láràárọ̀. Òní, ó gbẹ." Ó kọjú sí mi, ojú rẹ̀ ti funfun. "Mi ò rántí pé mo gbé Ìtùnú fún Màmá. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé ìkòkò ìgò kaná. Mo ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, inú mọ́tò ni mo tún ti rántí ara mi. Ṣé mo pa sítóòfù? Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀!"

Kò sí tẹlifóònù ní ilé-ìwé wa, kò sí ní ilé wọn náà. Ọ̀gá Yísà, hẹ́dímásítà wa, gbọ́ igbe rẹ̀, ó jáde. Àgbàlagbà tí kì í fẹ́ àwáwí ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìbéèrè kan péré ló bi í: "Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ?" Ó ní ó wà. Ọ̀gá Yísà fa fẹ́sípà rẹ̀ jáde lábẹ́ igi. "Bisimilááhì. Jókòó sẹ́yìn mi." Èmi ni wọ́n fi kíláàsì méjèèjì sílẹ̀ fún. Fọláṣadé fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi.

Ó ní láti Gàmbàrí títí dé Adéwọlé, òun kò rí nǹkankan lójú ọ̀nà. Ọ̀gá Yísà ń ka àdúà lábẹ́nu, òun náà ń pe Jésù. Nígbà tí wọ́n yà sí òpópónà wọn, wọ́n rí èéfín tó ń jáde lójú fèrèsé yàrá rẹ̀. Èéfín dúdú, tó ń yọ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ará ilé ti lọ sí ibi iṣẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá Yísà gbà á, ó ṣí ilẹ̀kùn. Omi ti gbẹ nínú ìkòkò, ìgò oníke kan tó kù nínú rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là, iná sítóòfù sì ń lá etí kọ́tìnì. Ọ̀gá Yísà já kọ́tìnì náà lulẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Ó ti àpò ìrẹsì bọ omi garawa, ó fi bo sítóòfù náà mọ́lẹ̀.

Nígbà náà ni èéfín dínkù díẹ̀ tí Fọláṣadé rí bẹ́ẹ̀dì. Ohun kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù ọmọ bò. Ó ga díẹ̀ bí ọmọ tó sùn, kò sì mira.

Ó ní òun kò lọ síbẹ̀. Ó ní ohun tó wá sí òun lọ́kàn ni pé, níwọ̀n ìgbà tí òun kò bá tíì ṣí ṣọ́ọ̀lù yẹn, ọmọ òun kò tíì kú. Ọ̀gá Yísà ló ṣí i.

"Nápíkìn ni, Mísììsì Àjàyí. Nápíkìn tí o lọ̀ ni."

Ó yẹ kí ara tù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tó sáré dé ilé Ìyá Jímọ́ọ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó kànkùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀rù mìíràn tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ wá mú un. Inú mọ́tò ló ti rántí ara rẹ̀. Ṣé ó gbé ọmọ wọ mọ́tò ni? Ṣé ó sọ̀ kalẹ̀, tó fi í sílẹ̀ lórí àga, tí mọ́tò sì gbé e lọ? Ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbìyànjú láti rántí ojú awakọ̀. Kò rí ojú kankan.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Ìyá Jímọ́ọ̀ yọ láti ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, ó ru abọ́ ata lílọ̀ tó fẹ́ fi se oúnjẹ ìṣínu, Ìtùnú sì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Màmá, ta ló gbé e fún yín?"

"Ìwọ kọ́? Ìwọ lo gbé e mọ́yà wá bá mi lórí ẹní ìrun. O tún ní kí n má jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e. O wá ní o gbàgbé ìwé rẹ, o tún sáré padà wọlé."

Fọláṣadé gba ọmọ rẹ̀, ó sunkún títí ọmọ náà fi jí. Ó ní ohun tó ń dẹ́rù ba òun jù ni pé kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ohun tí ìyá náà ń sọ tí òun rántí.

Nígbà tí Ọ̀gá Yísà lọ tán, Ìyá Jímọ́ọ̀ jókòó tì í. Fọláṣadé sọ ọ̀rọ̀ Ayọ̀mídé fún un, àti gbogbo ohun tí òun ń ṣe ní ìdájí. Ìyá náà gbọ́ ọ tán.

"Èyí tó ti lọ ni ò ń ṣọ́," ló wí. "Nítorí rẹ̀ lo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ilé mọ́ ara rẹ lórí. Kí ni iṣẹ́ yìí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ kí o tó jẹ́ kó dínkù?"

Wọ́n jọ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní kó ju ìgò dànù, pé ife àti ṣíbí rọrùn láti fọ̀ mọ́. Kó fún un lọ́mú kó tó jáde àti bó bá ti dé. Mílíìkì ọ̀sán, Ìyá Jímọ́ọ̀ ni yóò máa pò ó nílé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò se ife àti ṣíbí. Wọ́n fòpin sí títan sítóòfù láàárọ̀: ẹ̀kọ tútù àti àkàrà ni Fọláṣadé ń jẹ. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń lọ nápíkìn. Ìyá Jímọ́ọ̀ ló sì ń wá gba ọmọ nílé wọn, kì í sì í lọ títí Fọláṣadé yóò fi sọ ọ́ sókè pé, "Màmá, Ìtùnú wà lọ́wọ́ yín." Ọ̀gá Yísà ní kó máa dé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti tò tán.

Má rò pé ó rọrùn fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó so nápíkìn tí kò lọ̀ mọ́ ọmọ nídìí, Fọláṣadé bì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ìtùnú yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín òwúrọ̀ kan. Fọláṣadé gbé e wá sí ilé-ìwé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi.

"Mo sọ fún wọn pé yóò rí báyìí," ló ń sọ. "Mo sọ fún wọn."

A po omi oníyọ̀ àti ṣúgà bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo ń fi ṣíbí fún ọmọ náà. Láàárín ìyẹn, Fọláṣadé ń fún un lọ́mú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀, ká má dá ọmú dúró. Ọjọ́ méjì ni Fọláṣadé kò fojú kan oorun. Lọ́jọ́ kẹta, ìgbẹ́ náà dúró, ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí Ìyá Jímọ́ọ̀.

Ó fẹ́ padà sí ìgò sísè àti áyọ́ọ̀nù lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Jímọ́ọ̀ kàn dì í lọ́wọ́ mú ni. Kò padà sí i.

Àjàyí rí ilé gbà ní Lọ́kọ́jà ní ìparí ọdún 1993, wọ́n sì kó lọ. Ó kọ lẹ́tà sí mi lọ́dún kejì pé òun ti bí ọkùnrin, pé ẹ̀rù ṣì ń ba òun, ṣùgbọ́n òun ń sùn.